Ta Ló Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni? Àṣẹ lórí ara ẹni nínú eré sci-fi orí tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jókòó ti àwọn tó ń wo Severance, ní Yaba ni o, ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni o, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi kan ọ̀rọ̀ àgọ́ orí yìnyín. Apá kẹrin nínú sáà kejì ni, ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025. Helena Eagan, ọmọ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tí eré náà dá lé, ṣe bí ẹni pé òun ni Helly, òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Òun àti Mark, ẹlẹgbẹ́ Helly lẹ́nu iṣẹ́, wọ inú àgọ́ lóru, wọ́n sì jọ sùn. Mark gbà, kò sẹ́ni tó fi agbára mú un. Àmọ́ Helly ni Mark rò pé òun ń gbà fún, Helly sì wà níbi tí kò ti lè mọ ohunkóhun. Ara kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin méjèèjì jọ ní.

Àwọn kan ní ìfipábánilòpọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí sci-fi (ìtàn àròsọ tó dá lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì) orí tẹlifíṣọ̀n ti ń bá irú ìbéèrè yìí jìjàkadì, ibì kan náà ló sì ti máa ń ṣubú. Bí ọ̀tá bá fọwọ́ kan ara ẹni láìgba àṣẹ, eré á rí i, á pè é ní ibi. Bí ó bá wá jẹ́ ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn, ọ̀gá ọkọ̀, dókítà, ìyá, tó ń ṣe é "nítorí ire ẹ", eré á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún ẹni tí kò wò ó: láti oṣù Kejì ọdún 2022 ni Severance ti ń jáde lórí Apple TV (Apple TV+ ni wọ́n ń pè é títí di 2025). Ilé iṣẹ́ Lumon máa ń fi ṣíìpù sínú ọpọlọ òṣìṣẹ́, ìrántí rẹ̀ á sì pín sí méjì, ti ilé lọ́tọ̀, ti ibi iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó wà nílé ló buwọ́ lu ìwé. Ẹni ti ibi iṣẹ́ kàn jí sórí tábìlì ni, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí oòrùn rárá, nítorí bí ẹ̀rọ agbéniròkè bá ti gbé e kúrò ní ọ́fíìsì, ẹnì kejì ló ń jí. Helly kọ ìwé pé òun ò ṣe mọ́. Helena, ẹni tí wọ́n jọ ní ara kan náà, dá a lóhùn nínú fídíò pé èmi ni ènìyàn, ìwọ kì í ṣe ènìyàn, èmi ni mo ń pàṣẹ.

Nítorí náà, ẹni méjì ni wọ́n ṣẹ̀ nínú àgọ́ yẹn. Wọ́n tan Mark jẹ lórí ẹni tó ń bá sùn, wọ́n sì lo ara Helly nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ohun tó mú Severance yàtọ̀ ni pé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán sínú àgọ́. Mark sọ fún Helly, Helly bínú, a sì rí obìnrin kan tó ń gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó sọ pé òun ló ni ín.

Èdè wa fúnra rẹ̀ fi ibi tí ìṣòro wà hàn. "Gbà" ni a sábà ń lò: ó gbà, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí nǹkan máa ń gbà, ẹni tí ó ti sú náà á gbà fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bo ìfẹ́ àti àárẹ̀ mọ́lẹ̀. "Yọ̀ǹda" sàn jù, torí kò sẹ́ni tó lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo "ìyọ̀ǹda" níbí, tí a sì ń pe ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní àṣẹ lórí ara ẹni.

Òfin Nàìjíríà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ó sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ fi wọn eré. Ẹ̀ka 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí oníṣègùn sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ fún un pé ó lè kọ̀, ní èdè tó yé e bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Kí òfin yẹn tó dé, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìfàjẹ̀sínilára, bó tilẹ̀ lè já sí ikú. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà pààlà: òbí ò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ìkókó nílò láti yè. Lẹkki ni ọ̀rọ̀ ìkókó yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ní 1997. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 wá fi kún un pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, àti pé ẹni tó ti gbà lè yí ọkàn padà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni fún ẹni tó lè lanu. Àmọ́ ẹni tó ń sùn, ẹni tí wọ́n fún lóògùn, ẹni tí wọ́n pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, àwọn wọ̀nyí ò dákẹ́. Wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni.

Bí ẹ bá ń wo eré, ẹ bi í léèrè: ṣé ẹni náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí òun? Ṣé ó lè kọ̀ láìjìyà? Ṣé ohun tó gbà fún gan-an ni wọ́n ṣe? Ìbéèrè tó kù jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n nìkan: ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ṣé eré ṣì rántí?

Ẹ fi èyí wo Star Trek: The Next Generation, eré nípa àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú sánmà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, sáà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The Child". Ìmọ́lẹ̀ kan láti ojú sánmà wọ ara Deanna Troi, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, nígbà tó ń sùn, ó sì lóyún. Àwọn ọ̀gá pé jọ sí ìpàdé. Ẹnì kan bèèrè ta ni bàbá ọmọ. Worf, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà, ní kí wọ́n ṣẹ́ oyún náà nítorí ààbò ọkọ̀. Data, róbọ́ọ̀tì tó wà lára wọn, ní bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, àǹfààní láti kẹ́kọ̀ọ́ á sọnù. Troi jókòó láàárín wọn tó ń gbọ́. Ìgbà tó sọ pé òun máa bí ọmọ náà ni Picard, ọ̀gá ọkọ̀, tó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Eré jẹ́ kí ó yàn, a ò ní fi ìyẹn dù ú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú oorun dùn ún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ọkọ̀ kan náà, sáà kan náà, wọ́n ṣe "The Measure of a Man". Bruce Maddox, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, fẹ́ tú Data palẹ̀ kó lè mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Data bèèrè ọ̀rọ̀ bí aláìsàn tó gbọ́n ṣe ń bi dókítà abẹ: báwo lẹ ṣe máa ṣe é, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìrántí mi? Ìdáhùn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kọ̀. Wọ́n ní kò lè kọ̀, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kò lè fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹrù ìjọba ni. Ó di ilé ẹjọ́. Wọ́n fi dandan mú Riker, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Data, láti ṣe agbẹjọ́rò fún ìhà kejì. Ó tú ọwọ́ Data kúrò lára rẹ̀, ó sì pa á bí ẹni ń pa ẹ̀rọ amúnáwá. Guinan, ọ̀rẹ́ Picard, ló ṣí i lójú pé odindi ìran ẹ̀dá tí a lè lò ká sì sọ nù, a ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ẹrú. Ní Èkó, tí ọkọ̀ ẹrú ti gbéra nígbà kan rí, kò yẹ kí ibẹ̀ kọjá lójú wa lásán. Adájọ́ ní Data ní ẹ̀tọ́ láti yàn. Ohun tó tẹ̀lé e ló dùn mọ́ wa jù: Data sọ fún Maddox pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bóyá lọ́jọ́ kan òun á gbà. Ẹni tó lè kọ̀ nìkan ni "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ ní ìtumọ̀.

Nínú sáà kan náà, róbọ́ọ̀tì rí ilé ẹjọ́, obìnrin rí ìpàdé. Melinda Snodgrass tó kọ ti Data ti ṣe agbẹjọ́rò rí, ó sì hàn. Ìwé eré "The Child" ní tirẹ̀ jẹ́ àlòkù: eré Star Trek kan tí wọn ò ṣe mọ́ ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ ọ́ fún, wọ́n sì fà á yọ nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé Hollywood tó gba bí oṣù márùn-ún ní 1988. Kíkánjú wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta eré nígbà náà tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan lè tún apá èyíkéyìí gbé sáfẹ́fẹ́ nígbà tó bá wù ú, nítorí náà, kí ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta tó pé, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà. Ara lè bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àpá ò gbọdọ̀ hàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ò lè sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ṣe sí ara ènìyàn bí ọgbẹ́ ò bá láàyè láti pẹ́.

The X-Files ní tirẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣí egbò náà ní ìgbà gbogbo láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Gillian Anderson, tó ń ṣe Scully, aṣèwádìí FBI nínú eré náà, lóyún lóòótọ́ ní 1994, àwọn òǹkọ̀wé sì wá ọ̀nà tí òṣèré náà fi máa sinmi: wọ́n jẹ́ kí wọ́n jí Scully gbé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ pé wọ́n kó ẹyin inú rẹ̀ nígbà tó wà ní ìgbèkùn, pé kò lè bímọ mọ́. Nígbà tó wá lóyún, tí àwọn olólùfẹ́ eré yọ̀ fún un, ọdún 2018 dé: apá àkọ́kọ́ nínú sáà kọkànlá ní ọkùnrin amusìgá tó jẹ́ ọ̀tá wọn ló fi ìmọ̀ ẹ̀dá ojú sánmà sọ oyún náà sí i nínú, ní òru kan tó ti fún un lóògùn oorun ní 2000. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà! Scully alára ò sí níbi tí wọ́n ti sọ ọ́. Ọkùnrin ló ń sọ ọ́ fún ọkùnrin. Òǹkọ̀wé ló ṣe ìwà ọ̀tá níbẹ̀.

Eré kan náà sì ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Ní 1997, nínú "Small Potatoes", ọkùnrin tó lè pa ojú dà bá obìnrin púpọ̀ sùn ní àwọ̀ ọkọ wọn tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ní 2006, apá àkọ́kọ́ Torchwood fi Owen Harper hàn tó fín lọ́fínńdà ẹ̀dá ayé mìíràn sára. Obìnrin tó ti kọ̀ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kò ó lẹ́nu, nígbà tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ fẹ́ jà, ó tún fín sí i, òun náà tẹ̀ lé wọn. Dókítà ni Owen nínú eré yẹn, ara àwọn tó yẹ ká fẹ́ràn ni. Wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Kò sí Yorùbá tí kò ní mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Gbètugbètu ni. Èèdì ni. Ẹni tí wọ́n di èèdì fún, a kì í sọ pé ó fẹ́ ohun tó ṣe. A máa ń ní wọ́n ṣe é fún un ni. Èrò wa ṣe kedere ju ti àwọn tó kọ apá yẹn lọ. Ṣùgbọ́n a ní ibi tí ojú tiwa náà ti ṣú. Màgùn ńkọ́? Ọkọ gbé òògùn sí ara ìyàwó láìjẹ́ kó mọ̀, kí ọkùnrin mìíràn tó bá a sùn lè kú. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀, ìbéèrè wa ni pé ṣé obìnrin náà ṣàgbèrè. Thunderbolt tí Tunde Kelani ṣe ní 2001 jẹ́ ká rí i láti ìhà ti obìnrin tí wọ́n sọ ara rẹ̀ di pàkúté, ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìyẹn ni sci-fi tó gbọ́n náà ń ṣe: ó ń bi ẹni tó ni ara léèrè.

Ibi tó le jù ni ti àwọn ẹni rere. Ní 1996, nínú Star Trek: Voyager, ìjàǹbá ẹ̀rọ pa Tuvok àti Neelix pọ̀ di ẹnì kan, Tuvix. Ó gbé láàárín wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀nà láti yà wọ́n, Tuvix ní òun ò fẹ́ kú. Dókítà ọkọ̀ kọ̀, ó ní òun ò lè gba ẹ̀mí ẹni tí kò yọ̀ǹda rẹ̀. Kápútẹ̀nì Janeway fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó ní kí wọ́n yọ àwọn irin kúrò lára Seven of Nine, ẹni tí àwọn Borg, ẹ̀dá tó ń fi ẹ̀rọ sọ ènìyàn di ara wọn, ti mú láti ọmọ ọdún mẹ́fà, bó tilẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n dá òun padà. Ìdí Janeway wà: ẹni tí wọ́n ti gba èrò rẹ̀ láti kékeré, ṣé ó lè kọ̀ ní tòótọ́? Ìbéèrè gidi ni, òun náà ló wà nínú ẹjọ́ ìkókó Lẹkki. Seven padà dúpẹ́ nígbà tó yá, eré sì fẹ́ kí ìyẹn tó wa. Tuvix ò sí láyé láti dúpẹ́, Voyager ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Battlestar Galactica, eré nípa àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ń sá fún róbọ́ọ̀tì nínú ọkọ̀ ojú sánmà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, "The Farm" fi Starbuck, awakọ̀ òfurufú lobìnrin, hàn ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti ọ̀tá, níbi tí wọ́n ti so àwọn obìnrin mọ́ ẹ̀rọ láti fi wọ́n bímọ. Ẹ̀rù bà wá, ó sì yẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, Ààrẹ Roslin, ẹni tó ti gbèjà ẹ̀tọ́ obìnrin lórí oyún ní gbogbo ayé rẹ̀, fòfin de ìṣẹ́yún, nítorí àwọn ènìyàn tó ṣẹ́ kù kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Òǹwòrán ló kù sí láti so méjèèjì pọ̀: kí ni ìyàtọ̀ ìlò tí ọ̀tá lo ilé ọmọ àti èyí tí ìjọba wa lò ó? Èkó mọ irú àríyànjiyàn yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn oníṣègùn lórí oyún tí òfin fàyè gbà kí wọ́n ṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, wọ́n ti dá a dúró.

Doctor Who ló fi hàn pé àtúnṣe ṣeé ṣe. Ní 2008, akọni eré náà, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, pa ìrántí Donna Noble, alábàárìn rẹ̀, rẹ́ kí ó má bàa kú. Donna ń bẹ̀ ẹ́ pé rárá. Eré pè é ní ìbànújẹ́ ti Dókítà. Ní 2015, ó tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí Clara, alábàárìn mìíràn. Clara fèsì pé ìrántí òun tòun ni. Ìrántí Dókítà ló parẹ́ níkẹyìn. Ọdún méje ni tẹlifíṣọ̀n fi gbọ́ rárá kan.

Ti ìwé àdéhùn yá díẹ̀ láti sọ, torí ojoojúmọ́ ni a ń rí i. Nínú Dollhouse (2009 sí 2010), àwọn ènìyàn buwọ́ lu ọdún márùn-ún, wọ́n pa ìrántí wọn rẹ́, wọ́n ń yá ara wọn fún olówó. Àṣírí tú pé Priya ò fẹ́ rárá: ọkùnrin tí ó kọ̀ ló fún un lóògùn títí orí rẹ̀ fi dà bí èyí tó dàrú, tó sì gbé e síbẹ̀. Dichen Lachman tó ṣe Priya ló tún ṣe obìnrin tí Lumon há mọ́ abẹ́ ilé nínú Severance. Nínú Orphan Black, àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí, rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú DNA àwọn pé ilé iṣẹ́ kan ló ni ín; apá náà jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ọjọ́ méjìlá péré ṣáájú kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà tó sọ nínú ẹjọ́ Myriad pé ẹnikẹ́ni ò lè gba àṣẹ oníhun lórí jíìnì tó wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Nínú "Joan Is Awful", apá kan Black Mirror tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, obìnrin kan tẹ "mo gbà" lórí áàpù, ó sì ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ta eré. Oṣù tó tẹ̀lé e ni àwọn òṣèré Hollywood yanṣẹ́ lódì, ohun kan tí wọ́n sì jà fún ni pé kí wọ́n má fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà ojú òṣèré láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó ti tẹ "mo gbà" fún áàpù ayánilówó ní Èkó, tí wọ́n wá ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, ò nílò kí Black Mirror ṣàlàyé.

Òbí ló kù. Nínú "Arkangel", apá Black Mirror mìíràn tó jáde ní 2017, ìyá fi ẹ̀rọ sí orí ọmọ kí ó lè máa rí ohun tí ọmọ ń rí. Nígbà tí ọmọ dàgbà, ìyá lọ oògùn tó ń dènà oyún sínú ohun mímu rẹ̀. Nítorí ìfẹ́ ni. Ní 2024, nínú Iwájú, eré tí ilé iṣẹ́ Kugali ṣe pẹ̀lú Disney nípa Èkó ọjọ́ iwájú, bàbá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tola, ní Otin, alángbá róbọ́ọ̀tì, láti dáàbò bò ó kí àwọn ajínigbé má bàa rí i mú. Eré ọmọdé ni, ó dára, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí àwọn tó ń kọ sci-fi Èkó gbé yẹ̀wò láti ibẹ̀ ni pé nígbà tí Tola bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ni Otin á máa jábọ̀ fún?

Bí ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́, ẹ padà sí sáà àkọ́kọ́ Severance. Devon, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Mark lobìnrin, lọ bímọ ní ilé inú igbó kan, ó sì bá ìyàwó olóṣèlú kan pàdé níbẹ̀, tí òun náà wá bímọ. Wọ́n sọ̀rọ̀, obìnrin náà ṣe é lóore. Lẹ́yìn náà Devon rí i níta pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó kí i. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ẹlòmíràn ni wọ́n jẹ́ kí ó rọbí, nínú ara kan náà, wọ́n sì ti pa ẹni yẹn dé títí di oyún tó ń bọ̀.